Ẹ La Ọ̀nà Ilé fún Àwa Akẹ́kọ̀ọ́: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti ti Ọ̀sẹ̀

Ẹ̀yin àgbà wa, ọmọ yín ni mí. Ìfọ́n ni ilé bàbá mi, Ọ̀wọ̀ ni ilé ìyá mi, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo sì ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọrọ̀-ajé iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Ẹ bá wa mú kó rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ láti lo ìsinmi gígùn nílé, kó rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀, kó gba owó rẹ̀ níbẹ̀, kó sì padà sílé-ìwé ní àlàáfíà. Ẹ̀yin méjèèjì ni mo kọ ọ́ sí. N kò kọ ọ́ sí Gómìnà ní Àkúrẹ́, n kò kọ ọ́ sí Ààrẹ ní Abuja, màá sì sọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi àgbà ní Ọ̀wọ̀ ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ìsinmi tó kọjá. Gàrí ni iṣẹ́ màmá. Láti kékeré ni mo ti mọ òórùn èéfín gàrí yíyan, ṣùgbọ́n ìsinmi yìí ni mo kọ́kọ́ bá wọn ṣe iṣẹ́ náà láti orí ẹ̀gẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé títí dé orí kọ́ńgò lọ́jà. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti hú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tó bá ti lò tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta nílẹ̀, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, owó ti ṣòfò nìyẹn. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ti já a kalẹ̀ báyìí, gbogbo obìnrin tó wà lágbo ilé á yí i ká pẹ̀lú ọ̀bẹ. A ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, a ó dà á sínú àpò, a ó fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ lè ro kúrò. Ó di ọjọ́ mélòó kan kí a tó kù ú, kí a tó wá yan án nínú agbada lórí iná igi, igbá lọ́wọ́, omi lójú.

Màmá kì í gbà kí ẹnikẹ́ni yan ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ lánàá. Wọ́n ní gàrí tí kò bá kan kì í bá ara ènìyàn mu. Mo bi wọ́n pé ta ló kọ́ wọn, wọ́n ní ìyá àwọn ni. Ní kíláàsì, wọ́n ti kọ́ wa pé oró kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tó máa ń di sáyánáìdì, àti pé lílọ̀, kíkan, fífún àti yíyan ló ń lé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jáde. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò rí, mo sì gba máàkì tó dára. Ẹ̀gbẹ́ agbada màmá ni mo jókòó sí kí n tó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ náà ti wà nílé wa kí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa tó fojú kan yunifásítì. Mo fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ayé rẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi gan-an ni ìwé kíkọ. Orí ni màmá fi ń ṣe ìṣirò láti ọjọ́ yìí wá, orí náà sì pé. Mo ra ìwé, mo ń kọ ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde: owó ẹ̀gẹ́, owó àwọn tó ń bó o, owó ẹ̀rọ, owó igi, owó àpò, owó ọkọ̀. Nígbà tí a jókòó kà á papọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, owó ọkọ̀ ló yà wá lẹ́nu. Ohun tí à ń san láti kó ẹ̀gẹ́ jáde nínú oko ju ohun tí à ń san láti bó o àti láti lọ̀ ọ́ lọ. Oko náà kò sì jìnnà. Ọ̀nà ibẹ̀ ni kò ṣeé rìn. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ọkọ̀ tó bá gbójúgbóyà wọ ibẹ̀ á rì sínú ẹrẹ̀, a ó wá máa fi ọ̀kadà kó o ní àpò kọ̀ọ̀kan, iye tí ọlọ́kadà bá sì dá ni a ó san. Màmá wo ìwé náà títí. Wọ́n ní, “Àṣé ọ̀nà ni à ń ṣiṣẹ́ fún.”

Gbólóhùn yẹn ló mú mi kọ lẹ́tà yìí.

Mo tún lọ sí Ìfọ́n lọ́dọ̀ bàbá mi àgbà. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ilẹ̀ ni bàbá. Iṣu wọn ṣì ń ta dáadáa, ìyẹn sì jẹ́ nítorí pé ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń gbìn ín sí báyìí. Oko kòkó wọn tó wà lọ́nà jíjìn ti di igbó. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ń mú kòkó jáde jù lọ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2024, owó tọ́ọ̀nù kòkó kan lọ́jà New York kọjá 10,000 dọ́là, irú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Ọdún yẹn ni ó yẹ kí bàbá mi àgbà kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n kòkó kì í ṣe ohun tí a ń gbìn kí a sì gbàgbé. Ìgbà òjò gan-an ló ń fẹ́ ojú olóko: a ó ro abẹ́ rẹ̀, a ó gé ẹ̀ka tó bo ara wọn kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, a ó fín oògùn sí i kí àrùn tó ń sọ èso rẹ̀ di dúdú má bàa jẹ ẹ́ tán lórí igi. Ẹni tí kò bá lè wọ oko ní oṣù keje, kí ni yóò ká ní oṣù kẹwàá? Bàbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, àwọn ọmọ wọn sì ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má dán an wò. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn lọ wò ó, wọ́n wò mí bí ẹni pé orí mi kò pé. Wọ́n ní àwọn kò ní fi ọmọ tó wà ní yunifásítì wá kòkó.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n, pàápàá agbègbè Ẹlẹ́gbẹ̀ka, ti di ibi tí ènìyàn ń ka Sáàmù kí mọ́tò tó débẹ̀. Ní 26 November 2020, àwọn agbébọn dá Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adégòkè Adéusì, lọ́nà níbẹ̀ nígbà tí kábíyèsí ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, kábíyèsí sì wàjà. Bí a bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọba, kí ni ọmọ àgbẹ̀ fẹ́ fi bo ara rẹ̀? Ní 5 June 2022, ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn wọ ilé ìjọsìn Àgùdà ti Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, wọ́n pa nǹkan bí 40 ènìyàn tí wọn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. N kò tíì wọ yunifásítì nígbà náà. Àwọn tó ti wọ̀ ọ́ wà nílé, nítorí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì tó bẹ̀rẹ̀ ní 14 February ọdún náà kò parí títí di October. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti sọ fún mi pé láti ọjọ́ yẹn ni àwọn òbí wọn tó wà ní ìlú mìíràn kò ti fẹ́ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ń lọ sílé fún ìsinmi.

N kò sọ pé ìjọba káwọ́ gbera. A dá ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020. Ní 2021, ìpínlẹ̀ wa ṣe òfin tó ka fífi ẹran jẹ̀ káàkiri léèwọ̀. Mo rí àwọn ọmọ Àmọ̀tẹ́kùn lójú ọ̀nà nígbà tí mo ń lọ sí Ìfọ́n, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀ nítorí wọn. Ọlọ́run á máa ṣọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí láti ojú fèrèsé mọ́tò. Igbó ti bo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì, ó sì ga ju ènìyàn lọ. Ní àwọn ibìkan, koríko ti wọ orí ọ̀dà fúnra rẹ̀. Ẹni méjì tó bá dúró sínú rẹ̀, awakọ̀ kò ní rí wọn títí wọn yóò fi jáde sí i. Ìgbà tí ìsinmi gígùn sì máa ń bọ́ sí ni ìgbà tí igbó ń ga jù, nítorí ìgbà òjò ni. Oṣù tí ọmọ yẹ kó wálé ni ọ̀nà ilé ń burú jù.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn báyìí. Àwa tí a jọ jáde nílé ẹ̀kọ́ girama ní Ọ̀wọ̀ ti fọ́nká: àwọn kan wà ní Àkùngbá, àwọn kan ní Àkúrẹ́, àwọn mìíràn wà nítòsí ní Rufus Giwa Polytechnic. Ìrọ̀lẹ́ ni à ń pàdé níwájú ilé wa. A ó yan àgbàdo, a ó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí rẹ̀. A jọ kọ́ àwọn ọmọ kékeré àdúgbò ní ìṣirò láì gba owó, ọ̀kan nínú wa tó ń kọ́ iṣẹ́ iná sì tún ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ṣe nígbà tó dákẹ́. Màmá bu gàrí fún un, ó sì kọ́kọ́ kọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n àga kan wà tí kò sẹ́ni tó jókòó sí i. Ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Yunifásítì Benin kò wá. Ọ̀nà Ìfọ́n ni yóò gbà, ìyá rẹ̀ sì ní kó dúró síbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó wà ní Èkó náà kò wá. Ọmọ náà kò tíì rí Ìgogò rí láyé rẹ̀.

Fún ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí láti òkèèrè, oṣù kẹsàn-án ni ọdún Ìgogò ní Ọ̀wọ̀, nítorí Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ̀jẹ̀n, ni a sì ṣe ń ṣe é. Àwọn baba wa sọ pé obìnrin náà ní èèwọ̀. A kì í lọ ilá lójú rẹ̀, a kì í da omi sílẹ̀ níwájú rẹ̀, a kì í sọ igi ìdáná mọ́lẹ̀ níṣojú rẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó sì fi ààfin sílẹ̀ lọ, kò padà mọ́. Ọjọ́ 17 ni ọdún náà ń gbà. Ìlù kì í dún, fìlà àti gèlè kì í gorí, agogo ló ń ró káàkiri ìlú. Ọlọ́wọ̀ á di irun, á wọ iyùn, á jó jáde lọ sí Ọjà Ọba, gbogbo ìlú á sì tẹ̀lé kábíyèsí. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ara mi sì ṣì ń bù máṣọ. Fóònù kò lè fi í han ọmọ tó wà ní Èkó bó ṣe rí. Ọmọ tó bá gbọ́ agogo yẹn lẹ́ẹ̀kan kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ pé ìlú wo ni òun ti wá.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé sí yín ni mo ní màá sọ. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, nínú Àtẹ Kẹrin rẹ̀, to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ọjà wà níbẹ̀, gáréèjì wà níbẹ̀, ọ̀nà àti òpópónà wà níbẹ̀. Ó tún ní kí ẹ bá ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ sí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní 11 July 2024, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé tààrà ni kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀nà tó lọ sí oko tí màmá ti ń ra ẹ̀gẹ́ kò sí nínú ìwé iṣẹ́ Abuja. Tí ẹ̀yin kò bá rántí rẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tí yóò rántí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀nà ńlá Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n dé Benin jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ọ̀dà rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹrù yín. Ṣùgbọ́n igbó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ju agbára yín lọ. Àdá àti ẹ̀rọ ìgékoríko ló ń fẹ́, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tó ṣetán. Kí ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì fọwọ́ sowọ́ pọ̀, kí Ọ̀wọ̀ gé tirẹ̀ dé ààlà, kí Ọ̀sẹ̀ gbà á níbẹ̀ dé Ìfọ́n, kí ẹ sì tún un gé lẹ́ẹ̀kejì láàárín ìgbà òjò. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Kí ẹ bá Àmọ̀tẹ́kùn àti àwọn ọlọ́pàá sọ ọ́, kí àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà pọ̀ sí i ní ọ̀sẹ̀ tí ilé-ìwé ń dé àti ọ̀sẹ̀ tí à ń padà. Ìyá ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Benin, ohun tó fẹ́ gbọ́ nìyẹn.

Èkejì ni iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kì í wálé nítorí pé wọ́n ní láti wá owó ilé-ìwé ní Èkó tàbí Abuja lásìkò ìsinmi. Wọ́n ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ, wọ́n ń ta káàdì, wọ́n ń ru búlọ́ọ̀kù. Kò sí iṣẹ́ tó burú nínú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń kọ ìwé gàrí màmá, mo rí iye iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ nílé tí kò sí ẹni tó ń ṣe é. Ta ló mọ iye ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí ní Ọ̀wọ̀, Ìpèlé, Úsò, Ìdóàní, Òkèlúsè? Ta ló ti kọ ọ̀nà oko tó bàjẹ́ jù sílẹ̀, àti irú ẹrù tó ń bà jẹ́ síbẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní fóònù àti ìwé lè ṣe é ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ láàárín oṣù méjì, ẹ̀yin á sì ní àkọsílẹ̀ tí ẹ lè fi ṣètò owó ọdún tó ń bọ̀. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lè kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní abúlé. Owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà di 70,000 náírà ní 2024. A kò béèrè gbogbo rẹ̀ fún iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́. Ẹ fún wa ní ìdajì rẹ̀, kí ẹ sì san án lásìkò. Mo tẹnu mọ́ ìyẹn nítorí pé ọ̀dọ́ tí a bá ti jẹ lówó lẹ́ẹ̀kan kò ní padà wá.

Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ọ̀wọ̀ náà wà níbẹ̀, tó ti wà láti 1968. Láàárín 1969 sí 1971, Ekpo Eyo wú àwọn ère amọ̀ jáde nílẹ̀ ní Igbó’Lájà, àwọn ère tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹkùn tó ń jẹ ẹsẹ̀ ènìyàn. Gbogbo ayé ń kọ̀wé nípa wọn. Kí ló dé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tó jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀ kò lè máa mú àwọn àlejò Ìgogò yí ibẹ̀ ká ní oṣù kẹsàn-án? Ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ ìjókòó kan láàárín ẹ̀yin àti àwọn alákòóso rẹ̀ ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ẹrù ìjọba ìbílẹ̀, kó rántí Olóògbé Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí a bí ní 1908. Wọ́n ṣe ọ̀gá àgbà Imade College níbí kí wọ́n tó di Gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1979. Àwọn náà ni wọ́n kọ ìwé tí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group fi gbé ètò ẹ̀kọ́ kalẹ̀, èyí tó bí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1955. Inú ìlú yìí ni èrò pé kí ọmọ àgbẹ̀ lọ sílé-ìwé ti rí ẹni tó jà fún un. Ọmọ àgbẹ̀ ti lọ. Kí ìlú ṣe ọ̀nà tí yóò gbà padà.

Ẹ̀yin àgbà wa, ìgbà òjò mìíràn ń bọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igbó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n, kí ẹ sì mú ọ̀nà oko kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan péré, kí ẹ da òkúta sí i kó tó di ẹrẹ̀. Ẹ kéde iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ lè gbà síṣẹ́ kí ilé-ìwé tó dé, kí àwọn òbí tó wà ní Èkó, Abuja àti Benin lè gbọ́ ọ létí ara wọn. Èmi ni màá kọ́kọ́ kọ orúkọ mi sílẹ̀, wọ́ọ̀dù tí ẹ bá fún mi ni màá lọ.

Èmi ni ọmọ yín,
akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìfọ́n àti Ọ̀wọ̀.